ALẸ́ TÍ A PA BÁTÌRÌ BÀBÁ MI NÍ IFỌ̀

Wọ́n ní kí n kọ ìtàn nípa ohun kan tí gbogbo wa jọ mọ̀. Mo rò ó títí, bátìrì ọkọ̀ ló wá sí mi lọ́kàn. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ẹni tó bá gbé Ifọ̀ láyé NEPA, tó wá ní òun ò wo tẹlifíṣọ̀n lórí bátìrì rí, ẹ bi í bóyá Ifọ̀ wa yìí náà ló gbé.

Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Gaston Planté, ló ṣe bátìrì olójé àkọ́kọ́ tí a lè dá agbára padà sínú rẹ̀, lọ́dún 1859. Mọ́tò kò tíì dé ayé nígbà náà. Nígbà tí mọ́tò sì dé, irin ni wọ́n ń kì bọ̀ ọ́ níwájú láti fi yí ẹ́ńjìnnì. Irin náà a máa ta padà, ó sì ti ṣẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lápá. Ọdún 1912 ni Cadillac gbé ọkọ̀ jáde tó ní kíkì sítátà tí Charles Kettering ṣe. Láti ìgbà náà ni bátìrì ti di ara mọ́tò.

Ibí yìí ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ wà. Wọ́n ṣe bátìrì ọkọ̀ kó lè tú agbára ńlá jáde fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, bíi 150 sí 200 ampere, kí ẹ́ńjìnnì lè jí. Lẹ́yìn náà ni alternator yóò máa dá ohun tó ná padà fún un. Ó dà bí ẹni tó mọ eré 100 mítà sá. Ẹ má di ẹrù lé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lórí kí ẹ ní kó rù ú dé Abẹ́òkúta.

Ṣùgbọ́n àwa rù ú fún un. Tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31, oṣù Kẹwàá, ọdún 1959. NEPA dé ní ọjọ́ kìíní, oṣù Kẹrin, ọdún 1972, nígbà tí wọ́n pa ECN àti Niger Dams Authority pọ̀. Àwòrán wà, iná ni kò dúró. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n kékeré aláwọ̀ dúdú àti funfun tó ń lo 12 volt jáde, tó ní ihò fún wáyà bátìrì lẹ́yìn, ọ̀pọ̀ ilé rí ọ̀nà àbáyọ. Àwọn réwáyà náà rí iṣẹ́: a ó gbé bátìrì fún wọn lálẹ́, a ó lọ gbà á láàárọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ tèmi. Ní ọjọ́ 4, oṣù Keje, ọdún 1994, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ epo, NUPENG, bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì nítorí ọ̀rọ̀ June 12. Ní ọjọ́ kejì ni Nàìjíríà fẹ́ bá Ítálì gbá bọ́ọ̀lù nínú ìdíje àgbáyé ní Amẹ́ríkà. NEPA ti mú iná lọ. Kò sí ẹni tó máa da epo sí jẹnẹrétọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Bàbá mi ní Peugeot 504 kan, wọ́n sì tọ́jú epo díẹ̀ sínú rẹ̀ fún ọjọ́ ìṣòro. Mo bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi ní ká so tẹlifíṣọ̀n mọ́ bátìrì rẹ̀.

Gbogbo àgbàlá pé. Amuneke gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n ní ìṣẹ́jú 25, ariwo sọ. Nínú ayọ̀ yẹn, èmi fúnra mi sáré lọ tan iná iwájú ọkọ̀. Ìmọ́lẹ̀ náà dùn mọ́ wa, ó tan kárí àgbàlá, kò sí ẹni tó ronú láti pa á. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú méjì kí eré parí, Roberto Baggio dá a padà. Nígbà tí wọ́n wọ àsìkò àfikún, àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í súnkì láti ẹ̀gbẹ́. Baggio gbá pẹ́náltì wọlé, ó di 2 sí 1. A wọlé lọ sùn pẹ̀lú ìbànújẹ́.

Lóru, wọ́n kan ilẹ̀kùn. Ìyàwó àjọgbé wa ń rọbí. Bàbá mi yí kọ́kọ́rọ́: “kẹ́” kan péré, ó dákẹ́. Ọkùnrin mẹ́fà la ti ọkọ̀ náà nínú òkùnkùn, ìyá náà wà lẹ́yìn ọkọ̀, ó ń kérora. Ẹ̀ẹ̀kẹta tí bàbá mi tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì tó jí. Kò pé ìdajì wákàtí tí wọ́n dé ilé ìgbẹ̀bí tí ọmọ fi wálẹ̀. Ọmọ náà ti lé ní ọgbọ̀n ọdún báyìí. “Ẹ-tì-í” làwọn ará àgbàlá ṣì ń pè é.

Bàbá mi ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọjọ́ kẹrin ni wọ́n wá sọ pé: “Ohun tí ẹ fi wo bọ́ọ̀lù yẹn, ẹ̀mí èèyàn méjì ló wà nínú ẹ̀.”

Ọ̀gá wa tó kọ́ wa ní físíìsì ti kọ ìdáhùn sójú pátákó kí ọ̀rọ̀ yìí tó ṣẹlẹ̀, etí mi ló di: fi volt pín watt, ampere ló máa jáde. Tẹlifíṣọ̀n wa ń jẹ nǹkan bíi 15 watt, ampere kan àti díẹ̀. Iná iwájú àti tẹ̀yìn pa pọ̀ ń jẹ nǹkan bíi 120 watt, ìyẹn ampere 10. Fún wákàtí méjì, 20 ti lọ nínú bátìrì tí agbára rẹ̀ jẹ́ 45 nígbà tó wà ní tuntun, tó sì ti gbó. Tẹlifíṣọ̀n ò jẹ̀bi, èmi tí mo tanná ni.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ lèyí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti kọ́lé sí Mowe àti Ibafo, lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí lọ́dún 1978. A mọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ibẹ̀, pàápàá láti ìgbà tí àtúnṣe ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2013. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí owó ìrànwọ́ epo ti lọ, tí epo sì wọ́n, ọ̀pọ̀ ń pa ẹ́ńjìnnì bí ọkọ̀ ò bá rìn. Rédíò ń kọ, fóònù ń gba iná, fáànù ń fẹ́, iná iwájú wà ní títàn. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Nígbà tí ọ̀nà bá là, ọkọ̀ ò ní jí. Ọkọ̀ òde òní tí kò ní kílọ́ọ̀ṣì kò sì ṣeé tì jí bíi ti bàbá mi.

Nítorí náà, rédíò àti fóònù kò ṣe nǹkan kan fún wákàtí kan. Iná iwájú àti fáànù ni kí ẹ kọ́kọ́ pa. Bátìrì tó kún, tó sì ti sinmi, máa ń wà ní nǹkan bíi 12.6 volt, ní 12.2, ó ti dé ìdajì, ẹ dáwọ́ dúró níbẹ̀. Tí ẹ bá ń lò ó kọjá ìdajì lemọ́lemọ́, nǹkan funfun máa ń le mọ́ òjé inú rẹ̀, agbára kò sì ní wọ inú rẹ̀ dáadáa mọ́. Ẹ má gbé inverter ńlá lé e: ohun èlò tó ń jẹ 300 watt ń fa ampere tó lé ní 25. Bátìrì tí wọ́n ṣe fún inverter ni kí ẹ rà fún ilé. Bí ẹ bá tan ẹ́ńjìnnì láti fi dá agbára padà, ẹ má ṣe é nínú gáréèjì tí ilẹ̀kùn rẹ̀ tì, èéfín rẹ̀ ń pani.

Ọ̀gá wa, bí ẹ bá ka èyí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máàkì mi. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá dé ibi ìpàdé, ẹ wo iná iwájú ọkọ̀ yín kí ẹ tó wọlé. A ti dàgbà jù láti máa ti ọkọ̀ ara wa lóru.