Ìlà Mẹ́rin Lórí Ìwé: Boston, ọjọ́ 4 oṣù Keje, 1911

Àkọsílẹ̀ oúnjẹ ọjọ́ náà kò ju ìlà mẹ́rin lọ: ẹja sámọ́nì sísè pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹyin, píìsì tútù àti pòtétò tuntun, kùkúńbà, áísìkirímù sítírọ́bẹ́rì. Ohun tí ọ̀pọ̀ ìdílé agbègbè New England ń jẹ lọ́jọ́ òmìnira Amẹ́ríkà nìyẹn, nítorí píìsì tí wọ́n gbìn ní oṣù Kẹrin ti gbó nígbà náà. Àwọn ìwé ìròyìn obìnrin ìgbà náà a máa tẹ irú ìlà bẹ́ẹ̀ jáde fún gbogbo ọjọ́ ọ̀sẹ̀. Fannie Farmer, tó dá ilé ẹ̀kọ́ oúnjẹ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Boston ní 1902, fi wọ́n kún odindi ìwé kan ní 1905.

Mo fẹ́ràn àwọn ìlà wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n wọn kì í sọ ẹni tó se oúnjẹ, wọn kì í sì í sọ bí ooru ṣe mú tó. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, òṣùwọ̀n ooru dé 104 Fahrenheit ní Boston, ìyẹn 40 Celsius. Ilé tí mo fẹ́ mú yín wọ̀ yìí, ojú inú ni mo fi kọ́ ọ, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń dáná lóòótọ́ nígbà náà ni mo fi ṣe bíríkì rẹ̀.

4:30 àárọ̀. Oòrùn ti yọ. Alásè, ọmọbìnrin Áílàńdì bí ọ̀pọ̀ alásè ìlú náà, sọ̀ kalẹ̀ láti yàrá abẹ́ òrùlé tí kò jẹ́ kó sùn. Ó kó eérú kúrò nínú sítóòfù onírin, ó da èédú ilẹ̀ sí i. Iná èédú kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń tàn tí ó ń pa bó ṣe wù ú. Tó bá ti ràn, irin náà yóò gbóná títí di alẹ́. Ẹni tó bá ti ro àmàlà lọ́sàn-án oṣù Kẹta mọ ohun tí mo ń wí.

6:00. Ó fa abọ́ tó wà lábẹ́ àpótí yìnyín jáde. Ó ti kún fún omi yìnyín tó yọ́. Láná ni màdáámù gbé páálí sí ojú fèrèsé, ó yí i kí 100 lè wà lókè, kí oníyìnyín lè mọ̀ pé ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn ni ilé yìí ń fẹ́. Inú òtútù ni wọ́n ti fi ayùn gé yìnyín bẹ́ẹ̀ lórí adágún, wọ́n sì fi lẹ́búlẹ́bú igi bò ó títí ìgbà ooru fi dé. Òwò àtijọ́ ni ní Boston: Frederic Tudor kó o lọ sí Martinique ní 1806, ó sì kó o dé Calcutta ní 1833.

8:30. Píìsì. Ó jókòó sí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé, ó ń bó wọn kúrò nínú èèpo bí ìgbà tí à ń bó ẹ̀gúsí. Agbọ̀n ńlá ni. Ohun tó wọ inú ìkòkò kò ju abọ́ kan lọ.

10:00. Ó fọ́ sítírọ́bẹ́rì mọ́ ṣúgà, ó pò ó mọ́ kirímù, ó dà á sínú agolo, ó gbé agolo sínú korobá onígi ti ẹ̀rọ áísìkirímù. Yìnyín fífọ́ ìwọ̀n mẹ́ta, iyọ̀ òkúta ìwọ̀n kan, yí i ká. Iyọ̀ ń mú kí yìnyín tètè yọ́, bí ó sì ṣe ń yọ́ ló ń fa ooru kúrò lára kirímù. Ó yí ọwọ́ ẹ̀rọ náà títí apá fi ń ro ó. Ó yọ ọ̀pá tó ń pò ó kúrò, ó tún yìnyín àti iyọ̀ dì í, ó fi aṣọ nínípọn bò ó. Yàtọ̀ sí inú àpótí yìnyín, ohun kan ṣoṣo tó tutù nínú ilé náà nìyẹn.

11:45. Ó fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wé sámọ́nì kó má baà fọ́, ó sọ ọ́ sínú omi oníyọ̀. Pòtétò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, píìsì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pòtétò, ẹyin wà lẹ́yìn. Ìkòkò mẹ́rin ń yọ èéfín pa pọ̀. Ó yọ́ bọ́tà, ó wọn ìyẹ̀fun bí Fannie Farmer ṣe kọ́ àwọn alásè, ṣíbí tí a fi ọ̀bẹ gé orí rẹ̀ dọ́gba, ó ń bu omi gbígbóná sí i díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ kò gbọdọ̀ dúró, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọbẹ̀ yóò ní kókó. Aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn ló wọ̀. Mo máa ń ronú nípa apá aṣọ yẹn.

1:00 ọ̀sán. Wọ́n jẹun.

2:30. Àwo, ìkòkò, omi gbígbóná, ọṣẹ. Ó jẹ tirẹ̀ lórí ìdúró, ó sì lá áísìkirímù tó ti ń di omi nínú agolo.

6:30. Búrẹ́dì, kùkúńbà tó kù, tíì tútù. Kò sí ẹni tí ebi ń pa.

9:00 alẹ́. Ní àwọn alẹ́ ooru yẹn, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbé ibùsùn wọn lọ sórí koríko Boston Common. Alásè ṣì ń da omi abọ́ yìnyín nù nígbà tí màdáámù wọlé pẹ̀lú ìwé ìròyìn lọ́wọ́.

“Báwo ni sámọ́nì tó kù ṣe pọ̀ tó?”

“Ó tó ìdajì, màdáámù.”

“Ó dára. Fún ọ̀la, lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ pòtétò, ṣù ú róbótó, kí o sì dín in.”

“Ọ̀rá díndín tó wà nílẹ̀ kò tó, màdáámù.”

“Ra òmíràn láàárọ̀.”

Alásè nu ọwọ́ rẹ̀. Sítóòfù náà kò tíì tutù.