Àwọn Òkú Tí A Fi Nọ́ńbà Sin

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Nítorí náà orúkọ ènìyàn kì í ṣe ohun kékeré lójú wa. Ilé rẹ̀ àti ìran rẹ̀ ń bẹ nínú rẹ̀. Nínú ìwé yìí a fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí a sin láìsí orúkọ, àti bí àwọn ìran wọn ṣe ń wá orúkọ náà kiri.

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé ńláńlá fún àwọn tí orí wọn dàrú. Kì í ṣe wèrè nìkan ni a kó síbẹ̀. Alárùn wárápá, arúgbó tí iyè rẹ̀ ti rá, àti òtòṣì tí kò ní olùtọ́jú wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá kú, tí ará ilé rẹ̀ kò sì wá gba òkú rẹ̀, ilẹ̀ ilé náà ni a ń sin ín sí. Ní Milledgeville, ní ìpínlẹ̀ Georgia, níbi tí a ṣí irú ilé bẹ́ẹ̀ ní 1842, a gbà pé nǹkan bí 25,000 ènìyàn ni a sin. Irin tí a kọ nọ́ńbà sí ni a rì mọ́lẹ̀ níbi ibojì wọn. Ní àwọn ọdún 1960, àwọn tí ń tọ́jú ilẹ̀ náà hú ọ̀pọ̀ irin wọ̀nyí kúrò, kí koríko lè rọrùn láti gé. Báyìí ni nọ́ńbà pàápàá ṣe sọnù.

Ti àwọn aláwọ̀ dúdú, ìran àwọn tí a kó lẹ́rú láti Áfíríkà, kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ìpínlẹ̀ Maryland ṣí ilé tiwọn ní Crownsville ní 1911, àwọn aláìsàn náà gan-an ni a sì fi ṣe iṣẹ́ kíkọ́ rẹ̀. A ti ilé náà pa ní 2004. Àwọn tí a sin síbẹ̀ lé ní 1,700, nọ́ńbà ni ó sì wà lórí ọ̀pọ̀ ibojì wọn. Arábìnrin Janice Hayes-Williams, òpìtàn ìlú Annapolis, lọ yẹ àwọn ìwé-ẹ̀rí ikú wò títí ó fi rí orúkọ wọn. Láti ìgbà náà ni àwọn ènìyàn ti ń péjọ síbẹ̀ láti pe orúkọ náà sókè.

Ẹ̀kọ́ ni èyí fún ẹni tí ń wá ìtàn. Ibojì lè dákẹ́, ṣùgbọ́n ìjọba kì í gba ènìyàn wọlé láìkọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé ilé ẹjọ́ tí ó rán aláìsàn lọ, ìwé ìkànìyàn, ìwé-ẹ̀rí ikú, àti ìwé ìsìnkú ilé ìwòsàn: bí a bá tò wọ́n pọ̀, nọ́ńbà a di ènìyàn.

Ìdènà méjì ni ó wà. Èkíní ni ìtìjú, tí ó mú kí ìdílé púpọ̀ pa orúkọ ẹni wọn mọ́ra títí ó fi di ìgbàgbé. Èkejì ni òfin. Òfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà ń bo àṣírí aláìsàn títí di 50 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, òfin àwọn ìpínlẹ̀ kan sì le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn kan wí pé orúkọ tí a bá rí nínú ìwé irú ilé bẹ́ẹ̀ ti tú àṣírí àìsàn náà tán. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n àìsàn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ìbòjú tí a fi bo alààyè kò sì yẹ kí ó di èyí tí a fi pa òkú rẹ́.

Kì í ṣe Amẹ́ríkà nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí. Nínú ìdílé tiwa pẹ̀lú, àwọn kan wà tí a kì í dárúkọ nígbà tí a bá ń ka ìran. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ bi àwọn àgbà léèrè nígbà tí wọ́n ṣì wà, kí ẹ sì kọ orúkọ náà sílẹ̀.