Adéṣẹwà Ògúndé

Adéṣẹwà Ògúndé, tí orúkọ rẹ̀ látilé ń jẹ́ Clementina Oguntimirin, wà lára àwọn obìnrin àkọ́kọ́ tó fi eré orí ìtàgé ṣe iṣẹ́ òòjọ́ nílẹ̀ Yorùbá. Aya Hubert Ògúndé ni, ọmọ Òsósà nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, ẹni tí wọ́n ń pè ní baba tíátà Nàìjíríà. Orúkọ ọkọ ló gbòde kan, ṣùgbọ́n bí kì í bá ṣe pé obìnrin yìí àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbà láti jáde sójú agbo, ẹgbẹ́ tíátà Ògúndé ì bá má dé ibi tó dé.

Ọlọ́pàá ni Ògúndé nígbà tó gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní Glover Hall, l'Ékòó, lọ́jọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 1944. Ìjọ Aládùúrà ló bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀ eré náà. Kò sẹ́ni tó bínú sí obìnrin tó bá kọrin nínú eré ṣọ́ọ̀ṣì. Kí ọmọbìnrin máa jó gbowó níwájú èrò ló di ọ̀ràn. Láyé eégún alárìnjó, ọkùnrin ló ń gbé ẹ̀kú obìnrin wọ̀. Nígbà tí eré Ògúndé, Tiger's Empire, jáde ní 1946, tí ìpolówó rẹ̀ dárúkọ Beatrice Oyede àti Abike Taiwo gẹ́gẹ́ bí òṣèré, ohun tí ojú kò rí rí ni.

Àtirí obìnrin gbà ṣòro tó bẹ́ẹ̀ tí Ògúndé fi polówó nínú ìwé ìròyìn pé akọ̀wé obìnrin lòun ń wá. Ìgbà tí wọ́n dé ló tó ṣí i payá fún wọn pé orí ìtàgé niṣẹ́ wà. Àwọn òbí fárígá. Ògúndé bá ṣèlérí pé òun yóò fẹ́ wọn.

Ní Hollywood lákòókò kan náà, ìwé àdéhùn ọdún méje ni àwọn iléeṣẹ́ fíìmù fi ń so òṣèrébìnrin mọ́lẹ̀. Lọ́dọ̀ Ògúndé, ìgbéyàwó ni àdéhùn. Obìnrin tó ti di ìyàwó ilé, ta ni yóò pè é ní oníranù? Ẹgbẹ́ náà kò sì tú ká. Ṣùgbọ́n òṣèrébìnrin náà kò ní ibòmíràn tó lè gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ, abẹ́ orúkọ ọkọ sì ni òkìkí rẹ̀ ń wọlé sí. Ó yẹ ká ka èyí mọ́ ohun tí tíátà wa ná àwọn ìyá wọ̀nyí.

Ní 1947, Adéṣẹwà bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí wọ́n ti kọ́ ijó ilẹ̀ òkèèrè: tap dance, waltz àti rumba. Ijó ṣe pàtàkì, nítorí orin àti ijó ìbẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní opening glee, ni àwọn obìnrin fi ń ṣí eré. Ẹgbẹ́ náà ń kiri láti ìlú dé ìlú. Wọ́n ṣe Bread and Bullet ní 1950 lórí àwọn awakùsà tí ọlọ́pàá yìnbọn pa l'Énúgu. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin dè wọ́n nítorí eré Yorùbá Ronú ní 1964, wọn kò sì mú òfin náà kúrò títí di 1966. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ẹgbẹ́ náà ṣojú Nàìjíríà níbi Expo 67 ní Kánádà.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1970, ìjàǹbá ọkọ̀ pa Adéṣẹwà lójú ọ̀nà Iléṣà, níbi tí wọ́n ti fẹ́ lọ ṣeré. Ògúndé fi àwo orin dárò rẹ̀.

Kò rí ìgbà fíìmù. Ní 1979 ni Ayé jáde, Jáíyésinmi sì tẹ̀ lé e ní 1980, Àròpin N Tènìyàn ní 1982, Àyànmọ́ ní 1988. Àwọn ìyàwó Ògúndé yòókù kópa nínú wọn. Lónìí, ọmọbìnrin láti Òfòsù ní Ìdànrè lè sọ fún bàbá rẹ̀ pé fíìmù lòun fẹ́ máa ṣe, kò sì ní pe ara rẹ̀ ní akọ̀wé kó tó lè ṣe é.