Ta Ni Yóò Di Ẹrù Ìyàwó? Ìtàn Yíyan Irinṣẹ́ Sójú Kọ̀ǹpútà

Bí ìyàwó bá ń lọ sí ilé ọkọ, àwọn òbí rẹ̀ ni wọ́n máa ń di ẹrù fún un. Àpótí kò lè gba ohun gbogbo. Nítorí náà àwọn àgbà ilé yóò jókòó, wọn yóò sì rò ó wò: kí ni ọmọ yìí kò lè ṣe aláìní ní ọjọ́ kìíní, kí sì ni ó lè lọ rà lọ́jà bí ó bá yá? Irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ ti ń ṣe láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Ìtàn rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa.

Kí a tó máa bá ọ̀rọ̀ wa lọ, ó yẹ kí a ṣe àlàyé díẹ̀. Ètò kan wà tí ó ń gbé ojú kọ̀ǹpútà kalẹ̀ fún wa, tí ó sì ń kó irinṣẹ́ bí ohun ìkọ̀wé, ohun ìwo-àwòrán àti ohun ìṣírò wá síwájú wa. Èyí tí à ń sọ níhìn-ín kì í ṣe ti ẹnì kan. Ẹnikẹ́ni ni ó lè wo bí a ṣe kọ ọ́, kí ó tún un ṣe, kí ó sì pín in fún ẹlòmíràn. Àgbájọ ọwọ́ ni wọ́n fi ń sọ̀yà.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1996, Matthias Ettrich, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Tübingen ní ilẹ̀ Jámánì, ké sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti wá bá òun ṣe irú ètò bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó ń dùn ún ni pé irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìrísí tirẹ̀. Ọ̀kan kò jọ èkejì. Iṣẹ́ náà ni a mọ̀ sí KDE. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1997, Miguel de Icaza àti Federico Mena, ọmọ ilẹ̀ Mẹ́ksíkò, dá GNOME sílẹ̀, nítorí pé ohun tí KDE fi ṣe ìpìlẹ̀ kò tíì jẹ́ ọ̀fẹ́ pátápátá nígbà náà.

Ní àkókò yẹn, àwọn tí ń kó ètò wọ̀nyí jọ fún aráyé a máa fi irinṣẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí i fún iṣẹ́ kan ṣoṣo. Àwọn ọ̀mọ̀ràn fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àlejò kò mọ èyí tí yóò mú. Ní ọdún 2001, ilé-iṣẹ́ Sun Microsystems fi GNOME lé àwọn ènìyàn lọ́wọ́, wọ́n sì wo ibi tí ó ti ń dà wọ́n láàmú. Nígbà tí GNOME 2.0 jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2002, wọ́n ti gé ọ̀pọ̀ nǹkan kúrò. Ní ọdún kan náà, Havoc Pennington, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú wọn, kọ àròkọ láti fi yé wọn pé kò sí àǹfààní yíyàn kan tí a fún òǹlò tí kò ní ohun tí ó ń ná wa.

Ubuntu ti Mark Shuttleworth, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2004. Àwo CD kan ṣoṣo, tí kò gbà ju nǹkan bí 700 mẹ́gábáìtì lọ, ni wọ́n fi ń pín in. Òfin wọn ni pé irinṣẹ́ kan ni fún iṣẹ́ kan. Nígbà tí ó di ọdún 2010, wọ́n yọ GIMP, irinṣẹ́ àtúnṣe àwòrán tí òkìkí rẹ̀ kàn, kúrò nínú àwo náà. Wọ́n ní ó ń gba àyè, ó sì le jù fún ẹni tí ó kàn fẹ́ tún fọ́tò ṣe. Inú ọ̀pọ̀ ènìyàn kò dùn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ ṣì lè lọ mú un ní ibi ìkó-ètò-sí wọn lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí nǹkan kan. Ní ọdún 2012, Ubuntu tóbi ju àwo CD lọ, wọ́n sì jọ̀wọ́ òdiwọ̀n àtijọ́ náà. Ǹjẹ́ àríyànjiyàn parí bí? Rárá o. Ní ọdún 2022, GNOME fi irinṣẹ́ ìkọ̀wé tuntun rọ́pò gedit tí àwọn ènìyàn ti mọ̀ tipẹ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, Ubuntu tilẹ̀ sọ ẹrù fífúyẹ́ di èyí tí à ń bá lójú ọ̀nà. Ẹni tí ó bá fẹ́ ẹrù kíkún ni yóò yàn án fúnra rẹ̀. Èyí fi hàn pé kì í ṣe àyè nìkan ni ọ̀rọ̀ náà dá lé. Ohun tí ó wà nídìí rẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í yí ohun tí wọ́n bá nílẹ̀ padà. Ohun tí wọn kò bá rí, wọ́n gbà pé kò sí.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá nínú ẹ̀ka wa. Ètò pátákó ìtẹ̀wé fún èdè Yorùbá wà nínú Linux, a sì lè yàn án. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni a sábà ń bá lójú kọ̀ǹpútà ní ọjọ́ kìíní. Ọ̀kan nínú ìdí tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ “oko” níbi tí ó yẹ kí ó kọ “ọkọ” tàbí “ọkọ́” nìyí. Kì í ṣe pé irinṣẹ́ náà kò sí. Kò sí nínú ẹrù àkọ́kọ́ ni.

Síbẹ̀, ìlẹ̀kùn ìjókòó náà kò tì. Nígbà tí GNOME 3 jáde ní ọdún 2011, àwọn tí kò fẹ́ ẹ mú ti àtijọ́, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì sọ ọ́ ní MATE. Òfin iṣẹ́ náà fún wọn láyè. Ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí àwa náà máa lọ síbi tí a ti ń di ẹrù, kí a sọ ohun tí èdè wa kò lè ṣe aláìní, kí wọ́n tó pa àpótí dé.