Eegun inú èébì òwìwí àti ọ̀rọ̀ "eku"

Ní ọdún 1885, ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà ṣòfin pé ẹni tó bá pa òwìwí tàbí àṣá yóò gba 50 sẹ́ǹtì lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀sùn wọn ni pé ẹyẹ wọ̀nyí ń kó adìyẹ jẹ. Ọdún 1887 ni wọ́n fagi lé òfin náà, àmọ́ ẹ̀sùn kò tán lẹ́nu àgbẹ̀.

Ẹ̀rí tó gbe òwìwí wà nínú èébì rẹ̀. Òwìwí sábà máa ń gbé eku mì lódindi. Ikùn rẹ̀ a lọ ẹran, irun a wé eegun tó kù, ẹyẹ náà a sì bì í jáde bí ìṣù kékeré. Pelote ni wọ́n kọ́ wa nílé ìwé. Ìṣù èébì ni mo ń pè é níbí. Oje ikùn àṣá le ju ti òwìwí lọ, nítorí náà eegun inú èébì àṣá kì í pé tó bẹ́ẹ̀.

Ní Jámánì, Bernard Altum ti kọ̀wé lórí irú ìṣù bẹ́ẹ̀ ní 1863. Ní Washington, A. K. Fisher, òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn, ṣa 200 ìṣù nínú ilé gogoro Smithsonian, níbi tí takọ-tabo òwìwí kan ń gbé. Ó tú wọn, ó ka agbárí 454, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1893. Ẹyẹ kan ṣoṣo ló bá níbẹ̀, ológoṣẹ́ ni, kì í ṣe òròmọdìyẹ.

Kí ni ìyókù? Bí mo bá ní "eku" ni, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń sọ ọ́, mo lè ka 452, torí a máa ń ka asín mọ́ eku. Ṣùgbọ́n eyín kò gbà bẹ́ẹ̀. Eku ní eyín iwájú gígùn, àlàfo ńlá, kó tó kan èrìgì. Eyín asín ṣóńṣó, ó tò láìsí àlàfo bẹ́ẹ̀. Kòkòrò ló ń jẹ, kì í ṣe ọkà. Ogún ni asín inú iye Fisher. Eku tòótọ́, ọ̀tá àgbẹ̀, jẹ́ 432. (Faransé náà kò sàn jù: mus, eku lédè Látìn, ló wà nínú musaraigne.)

Nílé wa, ẹyẹ àjẹ́ ni wọ́n ń pe òwìwí, wọ́n sì ń pa á. Ẹni tó bá fẹ́ gbèjà rẹ̀ lédè Yorùbá ní láti mọ ohun tí "eku" kó sínú. Nítorí náà, bí a bá ń gba orúkọ ẹranko sílẹ̀ ní Kétu tàbí Ṣábẹ, ẹ jẹ́ kí a kó agbárí pẹ̀lú eyín síwájú àwọn àgbà tí a ń bi, kì í ṣe àwòrán inú ìwé nìkan.