Ilẹ̀kùn 7547

Aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀, ọjọ́ Àìkú, 27 Oṣù Kọkànlá 2016. Ní Jámánì, òní ni ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú mẹ́rin tí wọ́n fi ń retí Kérésìmesì. Àbẹ́là mẹ́rin wà lórí tábìlì ní ọ̀pọ̀ ilé. Ẹyọ kan ni wọn yóò tàn lónìí. Ṣọ́ọ̀bù wà ní títì.

Ní kọ̀rọ̀ pálọ̀, níbi tí wáyà ti gba ara ògiri wọlé, ráútà kan jókòó. Speedport ni orúkọ rẹ̀. Oníbàárà ilé iṣẹ́ tẹlifóònù Deutsche Telekom ló ń lò ó. Iná kéékèèké tò sójú rẹ̀, wọn ò ṣẹ́jú. Íntánẹ́ẹ̀tì, tẹlifóònù ilé àti tẹlifíṣọ̀n, inú rẹ̀ ni gbogbo wọn ń gbà kọjá. Kò sẹ́ni tó ń wò ó.

Aago méjì ọ̀sán. Nǹkan kan ń kanlẹ̀kùn.

Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń dá àwọn ilẹ̀kùn ráútà mọ̀. Èyí tó ń jẹ́ 7547, tilé iṣẹ́ ni. Ibẹ̀ ni òṣìṣẹ́ ń gbà tún ráútà ṣe láti òkèèrè. Ó yẹ kí ó wà ní títì fún ẹlòmíì. Síbẹ̀, nǹkan bí ẹ̀rọ mílíọ̀nù 41 lágbàáyé ló ṣí i sílẹ̀ gbayawu.

Àwọn onímọ̀ ààbò tí wọ́n dẹ pańpẹ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì ń rí i: láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá, ẹni tó ń kanlẹ̀kùn á tún dé. Iṣẹ́ tó ń jẹ́ kò gùn. Ó ní kí ráútà yí ibi tó ti ń béèrè aago padà. Ìyẹn ò ṣàjèjì. Ráútà kì í dá mọ aago, ọwọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn ló ti ń gbọ́ ọ. Àmọ́ níbi tó yẹ kí orúkọ kọ̀ǹpútà yẹn wà, àṣẹ ni wọ́n kọ síbẹ̀: lọ gba fáìlì kan wá, fún un láyè, jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Ẹni tó kọ ọ́ mọ ibi tí ojú kì í tó.

Nǹkan bí aago mẹ́ta àbọ̀. Fíìmù dúró lójú tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n gbé tẹlifóònù ilé sétí, kò dún.

Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Òòrùn ti wọ̀. Wọ́n kúnlẹ̀ sí kọ̀rọ̀, wọ́n yọ wáyà iná, wọ́n dúró díẹ̀, wọ́n dá a padà. Iná àkọ́kọ́ tàn. Èkejì ṣẹ́jú, ó ṣẹ́jú, ó dúró. Íntánẹ́ẹ̀tì dé. Ní àwọn ilé kan, ó tún lọ kí ìṣẹ́jú tó pọ̀.

Aago mẹ́jọ alẹ́. Ẹni tó fẹ́ pe ilé iṣẹ́ kò lè fi tẹlifóònù ilé pè é, nítorí inú àpótí kan náà ló ń gbà. Fóònù alágbèéká ni wọ́n fi ń ráhùn. Ẹjọ́ ń wá láti ìhà gbogbo. Kì í ṣe ìlú kan, kì í ṣe wáyà kan tó já. Àdúgbò kan náà, ilé kan ní, èkejì ò ní.

Ọ̀gànjọ́ òru. Nǹkan bí oníbàárà 900,000, nínú nǹkan bí mílíọ̀nù 20, ló kàn. Irú ráútà mélòó kan ni ọ̀rọ̀ náà bá.

Lọ́jọ́ Ajé, ilé iṣẹ́ náà ti dí ọ̀nà 7547, ó sì gbé sọ́fítíwià tuntun jáde. Wọ́n ní kí oníbàárà yọ wáyà, kó dá a padà. Ìjọba Jámánì ní wọ́n kan ilẹ̀kùn tiwọn náà, ṣùgbọ́n ó wà ní títì.

Onímọ̀ kan, Ralf-Philipp Weinmann, yẹ Speedport wò. Àṣẹ inú iṣẹ́ náà kò lè ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ rárá; sọ́fítíwià Linux ni wọ́n kọ ọ́ fún, irú Speedport yìí kì í sì í lò ó. Ìkànkùn tó pọ̀ jù ló dá a kú. Mirai, sọ́fítíwià ìkà tó ń sọ ẹ̀rọ onílé di ọmọ ogun, ló ń kanlẹ̀kùn. Ọjọ́ keje oṣù yẹn ni ẹnì kan ti kọ nípa ihò tí iṣẹ́ náà ń gbà wọlé síta, lára ráútà kan ní Ireland. Ogún ọjọ́ gbáko ṣáájú ìkọlù náà.

Ní Oṣù Kejì 2017, wọ́n mú ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tó wà nídìí ìkọlù náà ní pápákọ̀ òfuurufú Luton. Ní Oṣù Keje, ó jẹ́wọ́ nílé ẹjọ́ Cologne. Ilé iṣẹ́ tẹlifóònù kan ní Làìbéríà ló ṣèlérí 10,000 dọ́là fún un, kó lè kọlu ilé iṣẹ́ mìíràn tó ń bá a du oníbàárà níbẹ̀. Ẹ̀rọ tí yóò fi jà ló ń wá kiri. Ráútà tó bá kú kò wúlò fún un.