Nígbà Tí Wọ́n Ti Iwájú Pa

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Àlàyé tí wọ́n sábà ń ṣe ni pé àgbà ń wẹ̀yìn kó lè mọ ohun tó gbé e ṣubú, ọmọdé sì ń wojú ẹni tí yóò fà á dìde. Àmọ́ òwe náà jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àgbà ní ẹ̀yìn tó lè wò: ó ti jẹ gbèsè rí, ó ti sìnkú rí, ó ti rí ọ̀wọ́n gógó tó dé tó sì tún lọ. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kò ní irú ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀. Iwájú ni gbogbo ọrọ̀ rẹ̀ wà: ìdánwò àṣekágbá, yunifásítì, ọjọ́ fríídọ̀mù lọ́dọ̀ ọ̀gá tó ń kọ́ ọ níṣẹ́.

Lọ́dún 2020, iwájú ọ̀hún ni wọ́n tì pa.

Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, àwọn ìlú Ìkìrun, Ìníṣà àti Òkukù tò tẹ̀lé ara wọn lójú ọ̀nà tó ti Òṣogbo lọ sí Ọ̀fà. Ọmọ tó ń gbé nínú ọ̀kan lè máa lọ sílé ẹ̀kọ́ ní èkejì, kó sì ya kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ẹ̀kẹta kílẹ̀ tó ṣú. Ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún náà ni àyẹ̀wò fi hàn pé àrùn Kòrónà ti wọ Nàìjíríà. Nígbà tí oṣù Kẹta fi máa parí, wọ́n ti ti ilé ẹ̀kọ́, wọ́n ti ya èèyàn 127 tó ti Côte d'Ivoire wọ Ọ̀ṣun sọ́tọ̀, Gómìnà Gboyega Oyetola sì ti kéde kónílé-ó-gbélé. Àrùn náà kì í sábà ṣe ọ̀dọ́ bó ṣe ń ṣe àgbàlagbà. Ohun tó gbà lọ́wọ́ ọ̀dọ́ ni ọjọ́ tí wọ́n ń kà lọ́wọ́.

Ìdánwò WAEC ló fi èyí hàn jù. Ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀. Kò bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ 8 oṣù Keje, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Adamu Adamu, sọ pé àwọn ilé ẹ̀kọ́ Nàìjíríà kò ní ṣe é lọ́dún yẹn. Kí oṣù náà tó tán, ìjọba yí ohùn padà: kí àwọn ọmọ kíláàsì àṣekágbá wọlé lọ́jọ́ 4 oṣù Kẹjọ, kí ìdánwò sì bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 17. Àgbà tó gbọ́ irú ìròyìn báyìí lórí rédíò lè mi orí, kó sì pa rédíò. Ọmọ tó ti sanwó ìdánwò kò lè pa á.

Ẹ wo irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nínú yàrá kan ní Ìkìrun. Ìwé ìbéèrè àtẹ̀yìnwá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní, ojú ìwé kan náà ló ṣí sílẹ̀ láti àárọ̀. Ó ń kà á, kò wọ orí. Orí ń fọ́ ọ, oorun dá lójú rẹ̀ lóru, ọ̀sán ló wá ń sùn. Ó ti ń kanra mọ́ àwọn àbúrò. Ìyá rẹ̀ ní ibà ni, ó fún un ní parasitamọ́ọ̀. Ìyá àgbà ní ọ̀lẹ ni. Bàbá ní fóònù ló fà á.

Kò sí èyí tó parọ́ nínú wọn, kò sì sí èyí tó dé ìdí ọ̀rọ̀. Ó ti pẹ́ tí àwọn oníṣègùn ọpọlọ ti mọ̀ pé ara ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ilẹ̀ wa fi ń sọ ohun tó ń ṣe ọkàn. Lọ́dún 1960, Raymond Prince, ọmọ Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní Aró, Abẹ́òkúta, kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tí orí ń ta, tí nǹkan ń rìn lórí, tí ojú ń ṣú, tí ohun tí wọ́n kà kò sì yé wọn. Brain fag, ìyẹn àárẹ̀ ọpọlọ, ló pè é. Ìwé kíkà, àti ìrètí gbogbo ẹbí tí wọ́n dì lé ìwé náà lórí, ló rí nídìí ẹ̀.

Níbo wá ni ẹni tí yóò fa ọmọ náà dìde wà? Ilẹ̀ lòun náà wà. Awakọ̀ tó ń ná Òṣogbo kò rí èrò gbé, alájàpá kò rí ọjà ná, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí dáwọ́ ìpéjọ dúró, tíṣà tó mojú ọmọ jù lọ kò sì rí i mọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé lọ́dún àkọ́kọ́ Kòrónà, àníyàn àti ìsoríkọ́ fi ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i káàkiri ayé, àwọn ọ̀dọ́ àti obìnrin ló sì kàn jù. Àjọ náà ló tún sọ pé ìdá kan nínú mẹ́ta àìsàn ọpọlọ máa ń bẹ̀rẹ̀ kí èèyàn tó pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ìyẹn ni pé ọmọ Jẹ́ẹ̀sì Tuu tí gbogbo ilé rò pé kò mọ nǹkan kan ti wọ inú ẹ̀.

Òfin kò tiẹ̀ ran àwọn ọ̀dọ́ lọ́wọ́. Lásìkò yẹn, lábẹ́ òfin ọ̀ràn dídá tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ gúúsù ń lò, ẹni tó bá gbìyànjú láti pa ara rẹ̀ lè fẹ̀wọ̀n ọdún kan jura. Òbí wo ló máa fẹ́ ṣí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ payá? Òfin wèrè ti ọdún 1958 ni orílẹ̀-èdè yìí ṣì ń gùn lé, títí Ààrẹ Muhammadu Buhari fi buwọ́ lu òfin ìlera ọpọlọ tuntun ní oṣù Kìíní ọdún 2023.

Bẹ́ẹ̀ Ọ̀ṣun ti dán ọ̀nà mìíràn wò kí Kòrónà tó dé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbọ̀ jáde lọ́dún 2015 lórí òṣìṣẹ́ ìlera alábọ́ọ́dé 198 tí wọ́n kọ́, láti ilé ìwòsàn 68 ní ìjọba ìbílẹ̀ 8 ìpínlẹ̀ náà. Àwọn nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò wà lára wọn. Wọn kì í ṣe dókítà ọpọlọ. Wọ́n kọ́ wọn bí a ṣe ń dá ìsoríkọ́ mọ̀, bí a ṣe ń tọ́jú èyí tó bá wà níkàáwọ́ wọn, àti ìgbà tó yẹ kí a darí aláìsàn lọ síwájú. Ìjọba ìbílẹ̀ 30 ló wà ní Ọ̀ṣun, mẹ́jọ kéré.

Kò yẹ kí ọmọ Ìníṣà máa wọkọ̀ dé ilé ìwòsàn ńlá ní Ilé-Ifẹ̀ kí ẹnì kan tó bi í bóyá ó ń sùn, bóyá oúnjẹ ń wù ú jẹ, bóyá ikú ti wá sí i lọ́kàn rí. Nọ́ọ̀sì tó ń fún ọmọ-ọwọ́ lábẹ́rẹ́ àjẹsára lè bi í bí wọ́n bá ti kọ́ ọ, kó sì kọ èsì rẹ̀ sínú káàdì kan náà tí wọ́n fi ń kọ ibà.